Ẹ̀ka Tí Lékeléke Yàn

Àlọ́ o.

Àlọ̀ o.

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó jìnnà kò ní gbọ́ orin, orin sì wà nínú àlọ́ yìí. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò lálálá, kò bà lé Ìjàpá lónìí. Ó bà lé Lékeléke. Ó bà lé Màlúù àti ọmọ rẹ̀. Ó bà lé Àkàlàmàgbò, ẹyẹ ẹlẹ́nu ńlá tó ń ka ẹ̀ka.

Ní ayé àtijọ́, Lékeléke kò funfun. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí nìyẹn. Àwọ̀ ilẹ̀ ló ní, bí ìgbà tí èèyàn bá da eérú pọ̀ mọ́ amọ̀. Bó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán, ẹ ò ní mọ èwo ni Lékeléke, ẹ ò ní mọ èwo ni ọ̀gán.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yọ eégbọn lára Màlúù. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Iṣẹ́ náà sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èèyàn kì í kàn fa eégbọn yọ bí ẹni já ewé. Bí ẹ bá fà á ní ikùn, ikùn á tẹ̀lé yín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á kù sínú awọ. Ojú ibẹ̀ á wú, á ṣọyún. Nítorí náà, Lékeléke á kọ́kọ́ fi ẹnu kan Màlúù lára lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, kí Màlúù lè mọ̀ pé òun ti dé, kó sì dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà á na ọrùn. Á mi ọrùn sọ́tùn-ún, á mi ọrùn sósì, títí á fi rí ibi tí ẹnu eégbọn gbà wọlé. Ìgbà yẹn ni yóò wá mú un lọ́rùn, pẹ́ẹ́, á yọ ọ́ tẹnu tẹnu. Kò ní sí ẹ̀jẹ̀. Kò ní sí ọgbẹ́.

Mo ti rí àwọn tó mọ iṣẹ́ láyé mi, ṣùgbọ́n èyí tí Lékeléke mọ̀ yìí, Elédùmarè nìkan ló lè fi síni lọ́wọ́.

Màlúù fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ Màlúù fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ yìí, etí ni gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, etí ló ń gbé kiri. Inú etí yẹn gan-an sì ni eégbọn fẹ́ràn jù.

Nírọ̀lẹ́, Lékeléke á padà sílé. Ìyá rẹ̀ á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Á bi í pé, "Kí lo ṣe lónìí, ọmọ mi?"

Lékeléke á bẹ̀rẹ̀. Á ròyìn eégbọn kan tó sá pamọ́ sábẹ́ ìrù bí olè. Á ròyìn bí Ọmọ Màlúù ṣe sín lójijì, tí òun já bọ́ láti orí rẹ̀ sínú ìgbẹ́ màlúù. Ìyá á rẹ́rìn-ín títí omijé á fi máa bọ́ lójú rẹ̀. Oúnjẹ á tutù, wọn ò ní mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Lékeléke.

Àwọn ẹyẹ ní àṣà kan. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, gbogbo wọn á péjọ sídìí ìrókò ńlá kan. Ọjọ́ Kíka Ẹ̀ka ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Ẹ̀ka méje ló wà lára igi yìí. Ẹni tí wọ́n bá gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ tóbi, ẹ̀ka òkè ni tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ kéré, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀. Àkàlàmàgbò á fò yí igi ká, á máa pe orúkọ, á máa pe ẹ̀ka. Èyí tó bá pè fún ẹ ni wọ́n á fi máa kí ẹ títí ọdún á fi yípo. Wọ́n á ní, "Ẹlẹ́ka kẹfà, ẹ kú àárọ̀." Wọ́n á ní, "Ẹlẹ́ka kìíní, sún sẹ́yìn díẹ̀."

Òfin kan sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ kí Àkàlàmàgbò tó kà á, kò ní ẹ̀ka mọ́ títí ayé.

Ẹ̀ka kìíní nísàlẹ̀ pátápátá ni Lékeléke máa ń jókòó sí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń bọ́ látòkè sórí ẹni tó bá jókòó sábẹ́ ẹyẹ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹnu àdúrà ni mo ní.

Ẹ̀gà wà lókè rẹ̀ díẹ̀, lẹ́ka kejì. Ẹ̀gà yìí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ní ọdún kan, bí Lékeléke ṣe dé báyìí, Ẹ̀gà kí i. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, Lékeléke. Òórùn yín ti ṣáájú yín dé, ó ti bá wa jókòó."

Gbogbo ẹ̀ka rẹ́rìn-ín. Lékeléke wo ìsàlẹ̀. Àwọn ìyá ẹlẹ́ka òkè ń bẹ lórí ẹní, lábẹ́ ibòji. Ìyá tirẹ̀ dúró sínú oòrùn, ó ń fi ìyẹ́ bo ojú. Ọ̀rọ̀ náà wọ Lékeléke lára dé egungun. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ní ọdún tó ń bọ̀, ìyá òun á jókòó sórí ẹní, ẹní iwájú pàápàá.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Màlúù, ó ní òun fẹ́ lọ wáṣẹ́ tó ga. Màlúù jẹ koríko ẹnu rẹ̀ tán kó tó fèsì. Ó bi í pé ta ni yóò máa wo etí ọmọ òun. Lékeléke ní òun ti bá Ẹ̀gà sọ ọ́, Ẹ̀gà sì ti gbà.

"Ẹ̀gà," ni Màlúù wí. "Ẹ̀gà tó ń sọ̀rọ̀ tí kò wo ibi tó ń tẹ̀."

Ṣùgbọ́n kò dí i lọ́nà. Ó ṣàdúrà fún un pé kí Elédùmarè bá a ṣe é. Lékeléke sì lọ.

Ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Odídẹrẹ́. Odídẹrẹ́ ni ó ń kéde ní ààfin Ọ̀kín, Ọ̀kín sì ni ọba àwọn ẹyẹ. Wọ́n fún Lékeléke ní ẹ̀ka kẹta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dúró sẹ́yìn Odídẹrẹ́. Bí Odídẹrẹ́ bá sọ̀rọ̀ tán, kó ní "Bẹ́ẹ̀ ni." Lékeléke kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò pẹ́ dé rí, kò sì gbàgbé láti ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní, "Kí lo ṣe lónìí, ọmọ mi?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ó pọ̀."

Ìyá dúró bóyá ọ̀rọ̀ kù. Ọ̀rọ̀ ò kù. Wọ́n jẹun.

Ní àkókò yẹn, afẹ́fẹ́ gbé orin kan wá láti pápá. Ẹ bá mi gbè é. Bí mo bá dákẹ́, kí ẹ ní "Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́."

Lékeléke, oníṣẹ́ ẹnu,
Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.
Ìrù mi ò kan ọrùn,
Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.
Ahọ́n mi ò dé ẹ̀yìn,
Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.
Ọmọ mi ń họ etí,
Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.

Lékeléke gbọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Ẹ̀gà wà níbẹ̀. Kò lọ.

Ìròyìn rẹ̀ dé etí Ọ̀kín pé ẹnìkan wà lẹ́yìn Odídẹrẹ́ tí kì í pẹ́ dé. Ọ̀kín ní kí wọ́n mú un wá. Ó gbé e sí ẹ̀ka karùn-ún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé ìrù Ọba dání, kí ìrù náà má baà kan èèpo igi. Ìrù yẹn gùn, ó wúwo. Lékeléke gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìyẹ́ kan ò já níbẹ̀. Ọ̀kín alára ní òun ò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí.

Nírọ̀lẹ́, ìyá ní, "Kí lo ṣe lónìí, ọmọ mi?"

"Mo gbé ìrù."

"Ìrù ta ni?"

"Ìrù Kábíyèsí."

Ìyá ronú sí i. Ó ní, "Àbí ìrù náà ń dun Kábíyèsí ni?"

"Rárá, ìyá mi. Kì í dùn ún."

Ìyá ní ó dáa. Wọ́n jẹun, oúnjẹ náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kan, lójú iṣẹ́, afẹ́fẹ́ tún gbé orin wá. Ẹ gbè é.

Lékeléke, oníṣẹ́ ẹnu,
Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.
Ẹni tó ń fà ò wò,
Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.
Etí ọmọ mi ti wú,
Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.
Mo pè é, kò dá mi lóhùn,
Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọkàn Lékeléke kò balẹ̀. Ó fẹ́ fò lọ. Ṣùgbọ́n ìrù Ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí yóò gbé e lé lọ́wọ́. Ó rántí ẹní ìyá rẹ̀. Ó dúró.

Nígbà tí Ọjọ́ Kíka Ẹ̀ka ku díẹ̀, Ọ̀kín ní ẹni tó mọ ìtọ́jú tó báyìí kò yẹ kó máa gbé ìrù mọ́. Ó gbé e sí ẹ̀ka keje, ẹ̀ka òkè pátápátá. Wọ́n fún un ní aṣọ funfun kan tó ń dán bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Àwọn ẹlẹ́ka keje nìkan ló ń wọ̀ ọ́.

Lékeléke béèrè ohun tí òun yóò máa ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó.

Ó ní, "Lẹ́yìn tí mo bá jókòó ńkọ́?"

Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n ní kí gbogbo ẹyẹ ṣáà máa rí i.

Ó jókòó. Wọ́n rí i. Láti òkè yẹn, Màlúù kò tó èèrà.

Nírọ̀lẹ́, ìyá gbé oúnjẹ wá. Ìyá wo aṣọ funfun náà, ó fi ìyẹ́ kàn án, ó ní ó dára. Ó ní, "Kí lo ṣe lónìí, ọmọ mi?"

Lékeléke la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Kò rí nǹkan kan sọ. Ó bu oúnjẹ sẹ́nu, oúnjẹ náà sì jó o láhọ́n, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́ kó tutù.

Ìyá rẹ̀ bu omi fún un.

Ọjọ́ Kíka Ẹ̀ka dé. Gbogbo ẹyẹ péjọ. Wọ́n mú ìyá Lékeléke lọ sórí ẹní iwájú, lábẹ́ ibòji tó tutù jù. Lékeléke rí i látòkè. Ohun tó torí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà ọdún kan, ojú rẹ̀ rí i. Ó kù kí Àkàlàmàgbò pe orúkọ rẹ̀.

Àkàlàmàgbò bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀. Ó ka ẹ̀ka kìíní. Ó ka ìkejì. Ó ń ka ìkẹta lọ́wọ́ nígbà tí koríko mì, tí Màlúù jáde. Ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀lé e, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, etí rẹ̀ kan fà sílẹ̀ bí akèrègbè tó kún fómi. Ọmọ náà rọra dé ìdí ìrókò. Ibẹ̀ ló ṣubú sí, kò sì dìde.

Àkàlàmàgbò ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá Màlúù, ẹyẹ là ń kà níbí."

Màlúù ní, "Mo mọ̀, bàbá. Mi ò wá fún kíkà."

Kò pariwo. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé orí sókè, ó sì kọrin rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ.

Lékeléke, oníṣẹ́ ẹnu,
Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.
Ọmọ tó fẹ́ràn rẹ rèé,
Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.
Bí o bá wà lókè, wolẹ̀,
Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.

Gbogbo ojú yí sí Ẹ̀gà. Ẹ̀gà ní òun ṣiṣẹ́ òun o. Ó ní òun fà á dáadáa, ojoojúmọ́ ni òun ń fà á, ikùn eégbọn tí òun fà yọ á kún apẹ̀rẹ̀.

Bí Lékeléke ṣe gbọ́ ikùn, ó ti yé e. Ẹnu àwọn eégbọn náà ṣì wà nínú etí ọmọ náà, wọ́n ń jẹrà síbẹ̀.

Àkàlàmàgbò ò dúró. Ó ka ẹ̀ka kẹrin. Ó ka ìkarùn-ún. Lékeléke wo ìyá rẹ̀ lórí ẹní. Ìyá kò wo òun. Etí Ọmọ Màlúù ni ìyá ń wò.

Àkàlàmàgbò ka ẹ̀ka kẹfà. Ó ní, "Ó ku ẹyọ kan."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo nǹkan. Lékeléke kò tíì pinnu ohun tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n lókè yẹn, lórí ẹ̀ka keje, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó mì sọ́tùn-ún. Ó mì sósì. Ó ń wá ibi tí ẹnu eégbọn gbà wọlé. Ọrùn rẹ̀ ti wọṣẹ́ kí òun alára tó mọ̀.

Ó ṣí ìyẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dìde lórí ẹní iwájú. Ó ká ẹní náà, ó gbé e dé ibi tí Ọmọ Màlúù wà, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ orí rẹ̀.

Lékeléke fi ẹnu kan ọmọ náà lára lẹ́ẹ̀mejì. Kó, kó.

Ọmọ náà ti ń gbọ̀n látàárọ̀. Bó ṣe gbọ́ kó, kó yìí, ó dúró jẹ́ẹ́.

Lékeléke na ọrùn, ó mi ọrùn, ó wò. Ó yọ ẹnu eégbọn kìíní. Ó yọ ìkejì. Ìkẹta wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí kò sẹ́ni tó lè rí i, àfi ẹni tó ti mọ etí yẹn láti kékeré. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọyún dà sí aṣọ funfun, kò wò ó. Ó mú un lọ́rùn, pẹ́ẹ́, ó yọ ọ́.

Ẹ̀gà kò sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin.

Màlúù fi ahọ́n nu etí náà. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Ọmọ náà gbé orí sókè. Ó gbọ́. Ó dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n, ó dúró. Inú rẹ̀ dùn, ó gbọn etí méjèèjì, ó sì sín. Lékeléke já bọ́, ó di inú ìgbẹ́, tòun ti aṣọ funfun.

Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín, àfi ẹnì kan. Lékeléke alára ń rẹ́rìn-ín nínú ìgbẹ́. Ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Àkàlàmàgbò bà sílẹ̀. Ó ní, "Lékeléke, o ti sọ̀kalẹ̀ kí n tó kà ọ́. O ò ní ẹ̀ka mọ́ títí ayé. Bọ́ aṣọ."

Lékeléke dìde, ó gbọn ara rẹ̀. Ìgbẹ́ bọ́, ọyún bọ́, aṣọ náà ṣì funfun. Ó fẹ́ bọ́ ọ.

Ọ̀kín sọ̀rọ̀ látòkè. "Fi aṣọ sílẹ̀ fún un. Gbogbo àwa tí a ti ń wọ̀ ọ́ níbí, kí la fi ṣe rí? Òní ló di aṣọ iṣẹ́."

Inú Àkàlàmàgbò ò dùn, òṣìṣẹ́ òfin ni. Ó ní, "Kábíyèsí, ó dáa. Ṣùgbọ́n ibo ni kí n wá kà á sí?"

Ọ̀kín ní kí wọ́n bi Lékeléke.

Lékeléke fò, ó bà sí ẹ̀yìn Màlúù. Ó ní, "Ẹ kà mí síbí, bàbá."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ka."

"Ẹ̀ka tèmi ni. Tiyín dúró sójú kan. Tèmi á máa gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń wá mi."

Àkàlàmàgbò kà títí, kò rí nọ́ńbà tí yóò pè é. Màlúù kò dúró dè é. Ó yí padà, ó ń lọ sí pápá, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Ìyá Lékeléke ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lábẹ́ ibòji Màlúù. Bí Màlúù bá yà, ibòji náà á yà. Oòrùn ò kan ìyá náà títí wọ́n fi délé.

Nírọ̀lẹ́, ìyá gbé oúnjẹ síwájú ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Kí lo ṣe lónìí, ọmọ mi?"

Lékeléke bẹ̀rẹ̀. Ó ròyìn eégbọn kìíní, ó ròyìn ìkejì. Nígbà tó fi máa dé orí ìkẹta, ọbẹ̀ ti dì.

Ìdí rèé, ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ fi ń rí Lékeléke lẹ́yìn màlúù níbikíbi tí màlúù bá ń jẹ̀. Ìdí rèé tó fi ń mi ọrùn sọ́tùn-ún sósì kó tó fi ẹnu mú nǹkan. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé inú ìgbẹ́ ló ń rìn, aṣọ rẹ̀ sì funfun ju ti ẹni tó wà lókè igi lọ. Àkàlàmàgbò ńkọ́? Ilẹ̀ lòun náà ń rìn títí dòní. Ó dorí kodò, ó ń kà, ó ń wá ibi tí yóò ka Lékeléke sí.

Ibi tí àlọ́ mi bà sí nìyẹn, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí Lékeléke má mi ọrùn lọ́la. Bó bá sì mi ọrùn, ẹ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe pa á fún mi ni mo ṣe pa á.